Ọ̀nà Wo Ni Kí Ẹ Fi Dá Ṣílíéètì Inú Òkun Mọ̀? Ìfiwéra fún Ẹni Tó Ń Ṣiṣẹ́ Láti Òṣogbo

Òṣogbo jìnnà sí òkun, àmọ́ ìyẹn ò ní kí ẹni tó wà níbí má kẹ́kọ̀ọ́ nípa ohun tó ń gbé inú rẹ̀. Ẹni tó bá bu omi ní Tarkwa Bay, ní Lẹ́kí tàbí ní Àgbádárìgì láàárọ̀, tó sì gba Ìbàdàn, Ìkirè àti Gbọ̀ngán wọlé, lè gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Nínú ẹ̀kán omi kan ṣoṣo ni yóò ti rí àwọn ẹ̀dá onísẹ́ẹ̀lì kan tó ní irun wínníwínní lára, tí wọ́n ń fi irun náà wẹ̀, tí wọ́n sì ń fi í kó oúnjẹ sẹ́nu. Ṣílíéètì ni wọ́n. Àwọn ló ń jẹ bakitéríà àti ewédò kéékèèké, kí àwọn ẹran omi tó jù wọ́n lọ tó wá jẹ àwọn náà. Ẹja òkun tí à ń rà ní Ọjà-Ọba ò ṣẹ̀yìn wọn.

Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ láàmú ni pé ọ̀nà tí a lè gbà dá wọn mọ̀ pọ̀, owó wọn ò dọ́gba, olúkúlùkù ló sì ń yin èyí tí ọ̀gá rẹ̀ kọ́ ọ. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ná gbogbo owó iṣẹ́ rẹ̀ sórí DNA, tí kò sì lè dáhùn nígbà tí wọ́n bi í pé báwo ni ẹ̀dá náà ṣe ń rìn. Ó dùn mí fún un. Nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ìdúró mi kí a tó lọ jìnnà: ẹni tí kò bá wo ṣílíéètì láàyè kò tíì dá a mọ̀, ohun yòówù tó bá ṣe lẹ́yìn náà.

Ohun tí mo fi ń díwọ̀n

Owó ni àkọ́kọ́, àmọ́ kí ẹ má wo owó ìbẹ̀rẹ̀ nìkan. Kẹ́míkà kan lè wọ́n lẹ́ẹ̀kan kó sì pẹ́ lọ́wọ́. Òmíràn ń béèrè owó lórí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ìgbẹ́kẹ̀lé: bí èmi àti ẹ̀yin bá ṣe é lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí omi kan náà, ṣé ohun kan náà ni a máa rí? Ẹ̀kẹta ni ìbéèrè tí ẹ gbé lọ́wọ́. Ẹni tó ń béèrè pé "kí nìyí?", ẹni tó ń béèrè pé "mélòó ló wà nínú lítà omi kan?" àti ẹni tó ń béèrè pé "ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣàpèjúwe èyí rí?" kò gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà kan náà.

Mo fi méjì kún un nítorí ibi tí a wà. Iná ni ọ̀kan, torí iṣẹ́ tó bá nílò fíríìsà ọ̀sán àti òru ti kúrò ní iṣẹ́ kékeré níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀. Iyọ̀ ni ìkejì, ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ò sì tẹnu mọ́ ọn tó. Silver nitrate, kẹ́míkà fàdákà tí a ó máa lò nísàlẹ̀ láti mú ètò irun wọn hàn, àti omi òkun kì í gbé pọ̀. Bí ọ̀kan bá ti kan èkejì, omi náà á funfun lójú ẹsẹ̀, torí silver chloride ti dì sínú rẹ̀. Ohun tó dì yẹn máa bo sẹ́ẹ̀lì, á sì dúdú nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn án, ẹ ò sì ní rí nǹkan kan mọ́. Torí bẹ́ẹ̀, ọ̀nà tó dára gan-an fún ẹ̀dá inú odò Ọ̀ṣun lè má ṣiṣẹ́ rárá fún èyí tó wá láti Àgbádárìgì.

Wíwò ó láàyè

Èyí ló rọrùn jù lápò, òun náà ló sì ń gba sùúrù jù. Máíkírósíkóòpù tó ní lẹ́ńsì 40 àti lẹ́ńsì 100 tí à ń fi òróró sí, síláìdì, gíláàsì ìbòrí, pípẹ́ẹ̀tì tí ẹ fi iná fa ẹnu rẹ̀ gùn kó lè tín-ín-rín, àti kámẹ́rà fóònù: ó ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí máíkírósíkóòpù tó ní phase contrast, ìyẹn ètò ìmọ́lẹ̀ tó ń mú kí ohun tó mọ́ gaara hàn, ẹ gbà á. Èyí tó ní DIC, ètò ìmọ́lẹ̀ mìíràn tó ń mú kí ara wọn hàn bí ohun tó yọ sókè, sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ owó rẹ̀ ga, mi ò sì ní sọ pé kí ẹnikẹ́ni torí rẹ̀ dá iṣẹ́ dúró. Bí ẹ bá dín ihò ìmọ́lẹ̀ abẹ́ rẹ̀ kù díẹ̀, ojú lásán á rí púpọ̀.

Ọ̀nà Èkó ni iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́. Ẹ má rọ omi kún ìgò dé ẹnu. Ìdajì ni kí ẹ rọ, kí atẹ́gùn lè wà nínú rẹ̀. Kí ìgò wà nínú kúlà, kí yìnyín má sì kàn án, torí ẹ̀dá etíkun wa ò mọ òtútù. Ooru ẹ̀yìn mọ́tò tó dúró nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ náà ń pa wọ́n. Bí ẹ bá délé, ẹ da díẹ̀ sínú àwo pẹlẹbẹ, ẹ fi wóró ìrẹsì kan sí i, kí ẹ sì dé e. Bakitéríà á hù lára ìrẹsì náà, àwọn ṣílíéètì á sì wá jẹ ẹ́. Dídé tí mo ní kí ẹ dé e ṣe pàtàkì: bí omi bá ń fà, iyọ̀ tó kù á máa le sí i, àwọn ẹ̀dá náà á sì kú lójú yín. Kí ẹ kọ iye iyọ̀ omi náà sílẹ̀ níbi tí ẹ ti bù ú gan-an. Omi òkun gbangba ń ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú kílógíráàmù kan, àmọ́ omi ọ̀sà Èkó kì í dúró sójú kan: òjò ń fọ̀ ọ́, ọ̀gbẹlẹ̀ ń mú kó le, ìhà Ẹ̀pẹ́ sì rọ̀ ju ẹnu òkun lọ púpọ̀.

Ẹ wá wo Euplotes. Kì í wẹ̀ bíi Paramecium tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ẹ̀kọ́. Ó ń rìn ni. Irun abẹ́ rẹ̀ ti so pọ̀ di ẹsẹ̀ líle mélòó kan, ó ń fi wọ́n tẹ síláìdì, á sáré díẹ̀, á dúró, á fà sẹ́yìn lójijì, á tún yà sọ́tùn-ún lọ yẹ ìdọ̀tí kan wò. Ẹni tó bá ti rí ìrìn yẹn lẹ́ẹ̀kan kò ní ṣì í mú mọ́. Kò sí síláìdì kankan tó lè fi ìyẹn hàn yín.

Àwọ̀ náà ń bẹ. Nínú ìran Pseudokeronopsis, àwọ̀ àwọn hóró kéékèèké tó wà lábẹ́ awọ ara wọn wà lára ohun tí a fi ń ya P. rubra, tó pupa, sọ́tọ̀ kúrò lára P. flava, tó ní àwọ̀ ìyeyè. Bí kẹ́míkà bá ti kàn wọ́n, àwọ̀ yẹn ti lọ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àpò tó ń fún omi jáde: ibi tó wà nínú ara, àti ìṣẹ́jú àáyá mélòó tó wà láàárín ìfún kan sí èkejì, ẹ̀dá tó wà láàyè nìkan ló lè sọ ọ́. Ẹ wọn gígùn àti ìbú rẹ̀ nígbà tó ṣì ń wẹ̀ fàlàlà, kí ẹ tó máa fi pépà fa omi kúrò lábẹ́ gíláàsì láti dá a dúró, torí gíláàsì tó tẹ̀ ẹ́ á mú un fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó dára kí iye tí ẹ wọ̀n tó 20.

Àìlera ọ̀nà yìí ni pé ó ń dúró lórí ojú ẹni tó ń wò. Ẹ̀yà méjì lè jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò ní yà wọ́n, ẹ̀rí tó sì máa kù fún ẹlòmíràn kò ju fídíò àti àwòrán lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi tó fún ẹni tó fẹ́ fún ẹ̀yà tuntun lórúkọ.

Lugol fún kíkà

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Lugol, tó jẹ́ áyódíìnì nínú omi, ń pa wọ́n lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó ń pa wọ́n láró bíi búráùn, ó sì ń jẹ́ kí ìgò dúró fún oṣù mélòó kan nínú òkùnkùn. Ẹ dà á sínú ìgò Utermöhl, tó jẹ́ ìgò ìrọlẹ̀ tí ìdí rẹ̀ jẹ́ gíláàsì, ẹ jẹ́ kó rọlẹ̀, kí ẹ fi máíkírósíkóòpù tó ń wo nǹkan láti abẹ́ kà á. Kò wọ́n, kò nílò iná, ó sì ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé fún iye. Fún orúkọ, àwọn tintinnid nìkan ló ń gbè é, torí wọ́n ní ilé bí ife tí kì í bàjẹ́. Àwọn tó kù ń sún kì, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì di roboto tí kò lórúkọ. Àwọn tintinnid gan-an ò rọrùn tán: ilé ẹ̀yà kan ṣoṣo lè yàtọ̀ láti ara kan sí èkejì.

Àwọn ọ̀nà fàdákà

Ibí ni ọkàn iṣẹ́ náà wà. Fàdákà ń rọ̀ mọ́ ìdí irun kọ̀ọ̀kan, ó sì ń dúdú níbẹ̀, kí ètò irun náà lè hàn: ìlà mélòó ló wà, báwo ni irun ẹnu ṣe tò, ibo ni ìlà kan ti bẹ̀rẹ̀ tó sì ti parí. Ètò yẹn kì í tètè yí padà láàárín ẹ̀yà kan, torí náà òun ni àwọn onímọ̀ gbára lé láti ya ẹ̀yà kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn.

Ọ̀nà gbígbẹ tí Klein gbé jáde ní 1926 ló rọrùn jù: ẹ gbẹ sẹ́ẹ̀lì sórí síláìdì, ẹ da silver nitrate lé e, ẹ gbé e sínú ìmọ́lẹ̀. Fún ẹ̀dá inú odò wa, ó dára. Fún ẹ̀dá òkun, ẹ fi í sílẹ̀. Bí omi òkun bá gbẹ, iyọ̀ á dì lé sẹ́ẹ̀lì lórí, fàdákà á sì bá iyọ̀ jà kó tó kan ara ẹ̀dá náà.

Ọ̀nà tútù ti Chatton àti Lwoff, ti 1930, yanjú ìyẹn. Ẹ óò fi kẹ́míkà dá sẹ́ẹ̀lì dúró, ẹ óò fọ̀ ọ́, ẹ óò fi gelatin tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ síláìdì, kí ẹ tó rì í sínú silver nitrate tútù. Lẹ́yìn náà ni ìmọ́lẹ̀ á mú kí fàdákà dúdú. Ohun tó ń fi hàn jù ni àwọ̀n ìlà tó wà lórí awọ ara. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí Euplotes kò lè ṣe kó má lò ó, torí bí àwọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe rí wà lára ohun tí a fi ń pín àwọn ẹ̀yà rẹ̀. Ó tún dára fún àwọn kéékèèké bíi Uronema. Ìṣòro rẹ̀ níbí ni òtútù: gelatin gbọ́dọ̀ dì, kó sì wà ní dídì, nígbà tí oòrùn Òṣogbo ń mú. Kẹ́míkà ìdádúró tí wọ́n máa ń lò fún un tún ní osmium nínú, èéfín rẹ̀ sì lè ba ojú jẹ́.

Silver carbonate, tí Fernández-Galiano tún ṣe ní 1976, ló yá jù nínú gbogbo wọn. Láàárín wákàtí kan, ẹ ti lè máa wo ìlà irun, ẹnu àti okùn inú ara. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó dé láti Èkó bóyá ohun tó rù wálé tó ohun tí à ń ṣe àṣekára lé lórí. Àmọ́ ó ń tẹ sẹ́ẹ̀lì rẹ́bẹ́tẹ́, síláìdì rẹ̀ kì í sì í sábà pẹ́, torí náà ẹ gbọ́dọ̀ ya fọ́tò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Pyridine tó wà nínú rẹ̀ ń rùn gan-an, kì í sì í ṣe ohun tí à ń fà símú. Kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ ṣe é nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ tì.

Protargol, fàdákà tó so mọ́ purotéènì, ló kù, òun sì ni mo máa ń sọ pé kí ẹni tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ kọ́, bó tilẹ̀ le jù. Ìlànà tí Wilbert kọ ní 1975 ni ọ̀pọ̀ ṣì ń tẹ̀ lé. Ó ń fi irun, ìdí irun, ẹnu, kóró ńlá àti kóró kékeré inú sẹ́ẹ̀lì hàn pọ̀ lórí ara kan ṣoṣo, síláìdì tó bá sì jáde dáadáa á wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ óò kọ́kọ́ fọ iyọ̀ kúrò lára sẹ́ẹ̀lì tí ẹ ti dá dúró, léraléra, títí omi ìfọ̀ náà kò fi ní funfun mọ́ bí ẹ bá kán silver nitrate díẹ̀ sí i. Ẹ má fo ìdánwò kékeré yẹn. Òun ló ń ya síláìdì tó mọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kún fún àbàwọ́n. Lẹ́yìn náà ẹ óò bó o (ti Wilbert ń lo sodium hypochlorite; àwọn ìlànà mìíràn ń lo potassium permanganate, wọ́n á sì fi oxalic acid yọ búráùn rẹ̀ kúrò), ẹ óò rì í sínú protargol, ẹ óò sì fi hydroquinone gbé àwọ̀ jáde.

Àkókò tí ẹ máa yọ ọ́ kúrò nínú hydroquinone ni ọgbọ́n wà. Àwọn aláró Òṣogbo mọ̀ pé aṣọ tó tètè jáde nínú ìkòkò kò ní dúdú tó, èyí tó pẹ́ jù á sì pa ọnà rẹ̀ rẹ́; bẹ́ẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì yìí rí. Ẹ máa gbé e wò lábẹ́ lẹ́ńsì kékeré ní gbogbo ìgbà. Bí ìdí irun bá ti dúdú tí inú sẹ́ẹ̀lì sì ṣì mọ́lẹ̀, ẹ dá a dúró pẹ̀lú sodium thiosulfate.

Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ ti jẹ́ wàhálà látẹ̀yìnwá, torí ìgò protargol kan àti èkejì kì í ṣiṣẹ́ bákan náà, ìgbà kan sì wà tí èyí tó dára gan-an dáwọ́ dúró lórí àtẹ. Ní 2013, Pan, Bourland àti Song tẹ ìlànà kan jáde tí láàbù lè fi ṣe protargol tirẹ̀ láti ara silver nitrate àti peptone. Fún àwa tó jẹ́ pé ohun tí a bá bèèrè lókè òkun lè pẹ́ ní ibodè títí iṣẹ́ á fi tutù, ìtura ńlá nìyẹn. Silver nitrate wọ́n, àmọ́ ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ nílò, ẹ sì lè rí i rà nílẹ̀ yìí.

Ohun kan wà tí mo ń bẹ̀ yín fún. Àwọn ìlànà kan fi mercuric chloride kún kẹ́míkà ìdádúró. Ó ń ṣiṣẹ́, májèlé sì ni. Bouin, kẹ́míkà ìdádúró tí kò ní mercury nínú, tó fún ọ̀pọ̀ ṣílíéètì. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Ẹni tó bá sì lo mercury gbọ́dọ̀ kó ìdọ̀tí rẹ̀ sínú ìgò tó ní àmì, kó má dà á sínú síńkì. Ohun tí a bá dà nù nílùú yìí mọ ọ̀nà Ọ̀ṣun, odò náà sì ti jìyà tó lọ́wọ́ àwọn tó ń wa wúrà lókè rẹ̀.

Máíkírósíkóòpù onílẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń wo ojú ara (SEM)

Àwòrán rẹ̀ rẹwà, ó sì ń yanjú àríyànjiyàn lórí ohun tó wà lójú awọ ara. Àmọ́ owó rẹ̀ pọ̀, kò fi inú sẹ́ẹ̀lì hàn, ẹ ó sì ní láti máa bẹ̀bẹ̀ fún àyè lórí ẹ̀rọ tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bí olóore bá fún yín láyè, ẹ lò ó. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má yá owó torí rẹ̀.

DNA

Apá kan tí wọ́n ń pè ní 18S ni wọ́n máa ń kà, gígùn rẹ̀ sì tó nǹkan bíi lẹ́tà DNA 1,700. Ṣílíéètì ní oore kan tí ọ̀pọ̀ ẹ̀dá ò ní: ẹ̀dà apá yìí pọ̀ rẹpẹtẹ nínú kóró ńlá rẹ̀, nítorí náà sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo lè tó fún PCR, ìyẹn ọ̀nà tí à ń gbà sọ DNA díẹ̀ di púpọ̀. Ẹ mú un pẹ̀lú pípẹ́ẹ̀tì, ẹ fọ̀ ọ́ léraléra nínú omi òkun tí ẹ ti sẹ́, kí oúnjẹ inú àwo má bàa di ohun tí ẹ kà. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ethanol. Formalin ń ba DNA jẹ́, torí náà sẹ́ẹ̀lì tí ẹ bá ti fi formalin dá dúró fún fàdákà ti kúrò ní ti DNA.

Iṣẹ́ PCR lè wáyé ní Òṣogbo níbi tí ẹ̀rọ bá wà, àmọ́ kíkà rẹ̀ máa ń di ohun tí à ń fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn, Èkó tàbí òkè òkun, owó rẹ̀ sì ń lọ lórí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Enzyme ń fẹ́ fíríìsà. Bí láàbù yín ò bá ní sólà tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ṣeé fọkàn tán, ethanol ni ọ̀rẹ́ yín: ẹ kó sẹ́ẹ̀lì jọ sínú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ síbi tí iná kì í ti í lọ.

Ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ ga fún ìran àti ìdílé. Fún ẹ̀yà, ẹ rọra. 18S kì í tètè yí padà, ẹ̀yà méjì tó yàtọ̀ sójú lè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà níbẹ̀. GenBank, àkójọ DNA orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa fi wé e, sì kún fún ohun tí wọ́n kà láti inú omi lásán, tí ẹnikẹ́ni ò rí ara tó ni ín, àti fún àwọn mìíràn tí wọ́n fi orúkọ tí kì í ṣe tiwọn pè. Láti etíkun Gulf of Guinea, ohun tó wà níbẹ̀ kò pọ̀. Bí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́ bá padà dé pẹ̀lú ìdáhùn pé kò jọ ohunkóhun, ẹ ò lè sọ bóyá tuntun ni, àfi bí ẹ bá ní fọ́tò àti síláìdì rẹ̀. Àwọn Euplotes vannus, E. crassus àti E. minuta tó jọra wọn gan-an ti fi hàn pé ó yẹ kí ojú, fàdákà àti DNA jọ jókòó pọ̀ kí a tó dájọ́.

Ta ló yẹ kó mú èwo?

Olùkọ́ sẹ́kọ́ńdírì àti ẹni tó ń sin ẹja: wíwò ó láàyè ti tó yín. Ìyá tó ń sin ẹja àrọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, tó fẹ́ mọ̀ bóyá Trichodina, ṣílíéètì kan tó ń gbé ara ẹja, ló wà lára ẹja rẹ̀, kò nílò fàdákà rárá; kí ẹ ha awọ àti ẹ̀yà ìmí ẹja náà díẹ̀ sórí síláìdì, kí ẹ sì wò ó kíákíá.

Ẹni tó ń tọ pa bí ọ̀sà Èkó ṣe ń yí padà láti ìgbà òjò sí ọ̀gbẹlẹ̀: Lugol fún iye, kí ẹ sì máa mú omi díẹ̀ láàyè bọ̀ nígbàkúùgbà tí ẹ bá lọ, kí àwọn roboto inú ìgò lè lórúkọ.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe próójẹ́ẹ̀tì ọdún ìkẹyìn, tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀: ẹ wò ó láàyè, ẹ fi silver carbonate kún un. Ẹ mú ẹ̀yà mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré, kí ẹ sì ṣe wọ́n dé ìsàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀gá lè máa béèrè orúkọ ọgbọ̀n. Ẹ fi ọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn pé orúkọ ọgbọ̀n tí kò ní ìwọ̀n kò wúlò fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Akẹ́kọ̀ọ́ másítàsì: ẹ wò ó láàyè, kí ẹ kọ́ protargol. Bó bá jẹ́ Euplotes tàbí àwọn kéékèèké bíi Uronema ni, ẹ fi ti Chatton àti Lwoff kún un, ní oṣù ọyẹ́ bó bá ṣeé ṣe.

Ẹni tó gbà pé ẹ̀yà tuntun ló wà lọ́wọ́ òun kò ní yíyàn mọ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni: láàyè, protargol àti 18S, láti inú àwo kan náà. Òfin ìsọlórúkọ ẹranko, tó ń darí orúkọ ṣílíéètì náà, ti ní kí ẹ sọ ní kedere láti 2000 pé ẹ̀yà náà jẹ́ tuntun, kí ẹ sì tọ́ka sí ara tí orúkọ náà so mọ́. Bó bá jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan ni ìwé náà ti máa jáde, ẹ gbọ́dọ̀ fi iṣẹ́ náà sí ZooBank, ìwé ìforúkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì fún orúkọ ẹranko, kó tó jáde. Síláìdì náà ní láti wà ní ilé ìṣúra kan, bíi mùsíọ́ọ̀mù, tí ẹlòmíràn lè lọ wò ó, torí náà ẹ kọ̀wé sí wọn kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àpilẹ̀kọ, kí ẹ béèrè irú àmì tí wọ́n fẹ́ lára síláìdì, kí ẹ sì fi òrùka yíká sẹ́ẹ̀lì tí orúkọ máa so mọ́ pẹ̀lú kálàmù ẹlẹ́nu dáyámọ́ǹdì tàbí yíǹkì tí kì í parẹ́.